Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Ìrònú, àti Ìbéèrè Tí A Kì Í Bi Aláìsàn

N kò tíì pàdé ẹnikẹ́ni ní Ìlọrin tàbí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tó ń jiyàn pé ìrònú lè ba ọkàn jẹ́. Ẹni tí kò ka ìwé rárá yóò sọ fún ọ pé gbèsè ló gbé BP lágbájá sókè, pé láti ìgbà tí ọmọ ti rìnrìn àjò tí kò sì fi ohun kankan ránṣẹ́ sílé mọ́ ni ìyá rẹ̀ ti ń pariwo àyà jíjá, àti pé ikú ọkọ ló mú kí obìnrin kan báyìí ṣubú lulẹ̀ tí apá òsì rẹ̀ fi rọ. Nítorí náà, n kò jókòó kọ̀wé láti wá kéde pé ìlera ọpọlọ àti ìlera ọkàn jọ ń rìn pọ̀. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dùn mí ni pé òdì ni a ń lo ìmọ̀ náà sí. Aláìsàn ń fi í ṣe àwáwí láti pa oògùn tì, àwa òṣìṣẹ́ ìlera sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kwara ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ìyá kan lè wọlé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ (ọ̀rọ̀ ènìyàn púpọ̀ ni mo pa pọ̀ di ọ̀kan níhìn-ín, kì í ṣe ẹnì kan pàtó), kí ó jókòó, kí ó na apá, kí ó sì sọ pé: “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, mo ti dá oògùn yẹn dúró. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí à ń bá wọn fà ló ń ru ẹ̀jẹ̀ mi, kóòtù sì ti dá wa láre.” N ó kí i kú oríire, torí pé oríire ni lóòótọ́, n ó sì wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ẹ̀rọ yóò sọ pé 176 lórí 102. Yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ní bóyá nítorí pé òun fẹsẹ̀ rìn wá láti ọjà ni.

Òótọ́ díẹ̀ lè wà nínú ìyẹn. Ẹni tí a bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ yẹ kí ó ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ láì gbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá rẹ̀ wà ní ọ̀gangan àyà, kí ó ti tọ̀, kí ó má sì sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo ilé ìwòsàn tí èrò kún títí dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sọ fún mi bí gbogbo èyí yóò ṣe ṣeé ṣe. Ìbẹ̀rù ilé ìwòsàn pàápàá máa ń gbé nọ́ńbà sókè lára àwọn kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, tí a sì ń ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn kí a tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ń kọjá 140 lórí 90 ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá wá, yálà ara rẹ̀ balẹ̀ tàbí kò balẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìbínú àti ìrìn ọjà. Ìbẹ̀rù àti ìbínú máa ń tú adrenaline, kẹ́míkà tí ara ń ṣe nígbà ìpayà, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ a fún, nọ́ńbà a gòkè. Bí ìjà bá parí, gbogbo rẹ̀ a rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń fún ní oògùn kì í rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti le, kíndìnrín náà sì ti mú nọ́ńbà gíga yẹn bí ohun tó yẹ kó rí. Ìdájọ́ kóòtù kò lè rọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìyá yẹn lè sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ru lójú oorun.

Ohun tí àwa náà ń ṣe kò sàn ju ti ìyá yẹn lọ. A ó kọ nọ́ńbà sí káàdì, a ó wàásù lórí iyọ̀ àti magí, a ó kìlọ̀ pé kí ó má dá oògùn dúró mọ́, a ó sì pe ẹni tó kàn. Kò sẹ́ni tí yóò bi í bí ó ṣe rí fún un ní gbogbo ọdún tí ẹjọ́ yẹn fi wà nílẹ̀, bóyá ó ń sùn, bóyá oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ̀, bóyá ó ṣì ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìnáwó. Bí ó bá jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní depression) ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò rí ìdí tó fi yẹ kí òun máa gbé oògùn mì láràárọ̀, kí ni ìwàásù iyọ̀ fẹ́ ṣe fún un?

Ìwádìí tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1993, Nancy Frasure-Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Montreal ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn aláìsàn 222 tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí ọ̀nà mọ́ ọkàn wọn lójijì (ìkọlù ọkàn nìyẹn), tí wọ́n sì yè é. Láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn, ikú pa àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú ju àwọn tí kò mú lọ dáadáa, kì í sì í ṣe nítorí pé ọkàn tiwọn bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ nìkan. Ní 2004, ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní INTERHEART, tí Salim Yusuf darí, gba orílẹ̀-èdè 52 kọjá, tó fi mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú ohun mẹ́sàn-án tí wọ́n rí pé ó ń ṣe okùnfà ìkọlù ọkàn jù lọ ní gbogbo àgbáyé, wàhálà ilé àti ti ibi iṣẹ́, ìnira owó àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú sìgá, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí a ka ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ́ àwọn ohun tó ń fa ewu fún ẹni tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Nínú àwọn tó la ìkọlù ọkàn já, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ìrẹ̀wẹ̀sì tó le gan-an máa ń mú.

Àmọ́ irú àìsàn ọkàn tí wọ́n ń rí ní Montreal kọ́ ni a sábà máa ń rí níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti sọ ọkàn di aláìlágbára ni tiwa: ẹsẹ̀ wíwú, àìlèfẹ̀yìn-lélẹ̀ láìsí ìrọ̀rí mẹ́ta, ikọ́ òru tí àwọn ará ilé rò pé òtútù ni, tàbí kí ó jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ìwádìí THESUS-HF, tó jáde ní 2012, wo aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn ti di aláìlágbára ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á fún nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ọdún 52 ni ènìyàn ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ, tí ó ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá káfíńtà tí a sọ fún ní ọjọ́ orí yẹn pé kò gbọdọ̀ gbé igi wúwo mọ́. A ti fún un ní oògùn tí yóò fa omi kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ wá sọ pé kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, pé ó kàn máa ń kọjú sí ògiri ni. Bí ìrònú ti ń ba ọkàn jẹ́ ni ọkàn tó bàjẹ́ náà ń bí ìrònú, bóyá èyí ló sì wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa.

Ọ̀nà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń gbà ba ọkàn jẹ́ kò farasin tó bí a ti rò. Ọ̀nà kan ń gba inú ẹ̀jẹ̀: cortisol àti adrenaline, àwọn kẹ́míkà ìpayà, tí kì í rọlẹ̀ tán, ẹ̀jẹ̀ tó ń tètè dì, iná àìsàn kékeré tí ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú iṣan. Èkejì ni mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé ojú lásán ni a fi ń rí i. Ẹni tí ayé ti sú kì í rántí oògùn, kì í jáde rìn, kì í se ọbẹ̀ tuntun, àjẹkù àná ni yóò tún gbóná, a máa mu ọtí tàbí sìgá láti fi gbàgbé, a sì máa pa ọjọ́ ìpàdé jẹ. Òun ni à ń pè ní olóríkunkun nínú ìwé wa.

Ohun tó jẹ́ kí ìṣòro yìí máa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì kì í fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé. Ní ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan jókòó síwájú mi kí ó ní inú òun bàjẹ́. Orí ló máa ń gbóná, nǹkan ni ó máa ń rìn láti àtàrí dé ọrùn, ara ni ó máa ń rẹ̀ láìṣiṣẹ́, àyà ni ó máa ń já bí ilẹ̀kùn bá dún, ojú ni ó máa ń là ní aago méjì òru tí kò sì ní padé mọ́. Àwọn àgbà kan yóò ní ọdẹ orí ni. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, a ó yẹ̀ ẹ́ wò fún táífọ́ọ̀dì, èyí tí àyẹ̀wò rẹ̀ sì máa ń sọ pé “ó wà” fún ẹni tí kò ní in. Wọn yóò lo oògùn méjèèjì tán, orí yóò sì tún máa gbóná. Nígbà tí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, aláìsàn á lọ ra bromazepam tàbí Valium lọ́wọ́ àwọn kẹ́mísìtì láìsí ìwé dókítà, oorun á wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà kò ní lè sùn láìsí i. N kò dá àwọn oníkẹ́mísìtì lẹ́bi tó bí àwọn ènìyàn ti ń dá wọn lẹ́bi. Àwọn nìkan ló máa ń bi aláìsàn pé ṣé ó sùn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ìkìlọ̀ kan kún un, nítorí pé àwọn kan yóò gba apá kan nínú ọ̀rọ̀ mi wọn yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àyà jíjá ni ìrònú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń fà á, gẹ̀gẹ̀ ọ̀fun ń fà á, ọkàn tí ìlù rẹ̀ ti dàrú náà ń fà á. Ẹni tí àyà ń dùn bí ẹni gbé òkúta lé e, tí ìrora ń gun apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo, tí kò sì rí èémí mí, ilé ìwòsàn ńlá ni ibi tó tọ́ sí i ní wákàtí yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó tì í kí ó máa bi í léèrè nípa oorun. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró pàápàá lè ní irú àìsàn kan tí àwọn dókítà ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1990, tí wọ́n ń pè ní takotsubo: ìròyìn ikú tàbí ìpayà ńlá kan á ṣàdéédé mú kí ọkàn wú lápá kan kí agbára rẹ̀ sì dínkù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtọ́jú ni.

Ìbéèrè tí mo ń sọ kò pọ̀. Méjì ni, wọ́n sì ti ń lò ó káàkiri àgbáyé: ṣé láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ohun tí ènìyàn ń fẹ́ràn láti ṣe kò wù ú mọ́, àti ṣé inú rẹ̀ ń bàjẹ́ tàbí ìrètí ti pin fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Alhája ẹni ọdún 68, kí ẹ gbọ́ ohun tí yóò sọ. “Alhamdulillahi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Kò sí ohun mìíràn tí ọmọlúàbí lè fi dáhùn níwájú ènìyàn. Ẹni tó bá sọ pé inú òun kò dùn ti fẹ́ di aláìmoore sí Ẹlẹ́dàá, ó sì tún ti tú àṣírí àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yóò máa bi ara wọn pé kí ni wọ́n fi ń dá ìyá wọn lóró nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ọ̀nà ìbéèrè tó ṣeé fojú rí. “Ìyá, ta ló bá yín lọ sí ìsọmọlórúkọ tó wáyé ládùúgbò yín lọ́sẹ̀ tó kọjá?” Bí ó bá ní òun kò lọ, tí ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń lọ, n ó bi í pé kí ló dé. “Ẹ ṣì ń lọ sí ọjà?” “Oúnjẹ wo lẹ jẹ ní àná, ṣé ó dùn lẹ́nu yín?” “Bí ojú yín bá là lóru, kí lẹ máa ń rò?” Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó sì yẹ kí a bi í níbi tí etí kẹta kò sí. Nínú ilé ìwòsàn tí yàrá kò tó, n kò rí ibòmíràn ju abẹ́ igi lẹ́yìn ilé lọ, mo sì ti rí i pé abẹ́ igi náà tó.

Ti àwọn ọkùnrin le jù. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jáde bó ṣe yẹ kò ní jẹ́ kí obìnrin tó kéré sí ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé òun ń sunkún. Ìbínú ni tirẹ̀ máa ń bá jáde, tàbí kí ó dákẹ́ pátápátá. Ìyàwó tàbí ọmọ tó bá a wá ni mo máa ń tẹ́tí sí.

Wọn yóò ní àyè kò sí, òṣìṣẹ́ kò tó. Mo gbà, kò tó. Ṣùgbọ́n ta ni à ń retí pé kí ó wá ṣe é? Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí àìsàn ọpọlọ tó le mú láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú kankan gbà. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ kò lè tó láéláé. Ọ̀dọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ BP, ni àwọn ènìyàn ti ń kọjá. Gureje yìí kan náà ló darí ìwádìí mìíràn, STEPCARE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ohun tó jọ mí lójú nínú rẹ̀ ni pé ètò ìtọ́jú alákàbà (èyí tí ìtọ́jú ń pọ̀ sí i bí àìsàn bá ṣe le tó) tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tayọ èyí tó rọrùn, tí wọ́n kàn fi kọ́ òṣìṣẹ́ láti dá àìsàn náà mọ̀ kí ó sì tẹ̀lé ìlànà. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ní ìhà méjèèjì ni ara wọn yá. Ní Amẹ́ríkà, Wayne Katon àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Washington ṣe irú èyí gan-an tí mo ń sọ: aláìsàn 214 ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 14, tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì. Nọ́ọ̀sì kan náà ló ń tọ́jú apá méjèèjì fún àwọn tí wọ́n yàn sí ètò náà, dókítà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dínkù, ṣúgà wọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn àti BP wọn náà sì sàn ju ti àwọn tí wọ́n ń tọ́jú lọ́nà tó wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde.

N kò ní purọ́ fún yín pé títọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan ń dá ikú ọkàn dúró. Ìwádìí ENRICHD, tó jáde ní 2003 lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọkàn wọn ti kọlù wọ́n, rí i pé inú wọn yá díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ikú kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dínkù. Lójú tèmi, èyí kò pa ọ̀rọ̀ náà kú. Ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀ jẹ́ àìsàn tó ń jẹ ènìyàn run, ó sì yẹ ní títọ́jú kódà bí ọkàn bá le bí irin. Àti pé nínú ìwádìí Katon, BP àti ìrẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n jọ dojú kọ, wọn kò fi ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n máa retí pé èkejì yóò tún un ṣe.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ń fẹ́ ìṣọ́ra. Amitriptyline ló wọ́pọ̀ jù ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, torí pé kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè da ìlù ọkàn rú, ìlànà mhGAP tí àjọ ìlera àgbáyé ṣe fún irú àwa sì sọ pé kí a yẹra fún un lọ́dọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dá. Sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn, ni wọ́n dán wò fún àwọn aláìsàn ọkàn nínú ìwádìí SADHART ní 2002, tí wọn kò sì rí ewu lára rẹ̀ fún ọkàn. Bí kò bá sí sertraline, ìjókòó sọ̀rọ̀, ìrìn ojoojúmọ́ àti ìbẹ̀wò ará ilé kì í ṣe ìtọ́jú lásán; ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ kò tíì le púpọ̀ lè fi wọ́n borí rẹ̀.

Bákan náà ni a ń gbàgbé àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú gidigidi. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé irú wọn máa ń kú ní ọdún 10 sí 20 ṣáájú àwọn yòókù, púpọ̀ nínú ikú náà sì jẹ́ ti ọkàn àti àwọn àìsàn ara mìíràn. Oògùn ọpọlọ bí olanzapine ń mú wọn sanra, ó ń gbé ṣúgà sókè. Síbẹ̀, bí wọ́n bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa nítorí ọgbẹ́, ọgbẹ́ ni a ó fọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò wé aṣọ BP mọ́ ọn lápá, bí ẹni pé wèrè kì í ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Owó wà láàárín gbogbo rẹ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀ Kwara gan-an. Láti 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera fún àwọn ará oko, láti ìhà Shonga, tí ó sì dé Afọn lẹ́yìn náà. Àwọn olùwádìí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ènìyàn ní Afọn, níbi tí ètò náà wà, àti ní Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí kò sí, ní 2009 àti 2011. Nọ́ńbà òkè nínú BP àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ ní Afọn. Ní Àjàṣẹ́-Ìpo, nǹkan bí 5 ni. Ọdún 2014 ni wọ́n tẹ èsì náà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n nípa ìrònú nínú ìròyìn tí mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí iye owó oògùn ń ṣe sí oorun ẹni tó fẹ́ rà á ní ìparí oṣù. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò bá tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí ètò adójútòfò ti ìpínlẹ̀ wa, kí ó bi í léèrè.

Ní oṣù Ààwẹ̀, ìbẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ a máa mú kí àwọn kan dá oògùn dúró láì sọ fún wa, nígbà tí ó ṣeé ṣe láti yí àkókò rẹ̀ sí ìgbà sààrì àti ìgbà ìṣínu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn aáfà àdúgbò ti ràn wá lọ́wọ́ lórí èyí ju bí a ti lè ṣe fúnra wa lọ. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ti tó. Mo fẹ́ kí wọ́n tún bá wa sọ nípa opó tó wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀, tí kì í jáde, tí BP rẹ̀ ń gòkè nílé tí ẹnikẹ́ni kò sì wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì lè lọ bá a nílé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọjá agbára wa, pàápàá ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé ikú ń wu òun (ó yẹ kí a bi í tààrà, bíbi í kò ní kó o sí i lórí), a kì í jẹ́ kí ó dá lọ. Ẹbí ló gbọ́dọ̀ mú un lọ, yálà sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Ose tàbí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Búdó-Ẹ̀gbá. Mo máa ń kọ gbogbo BP rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn sínú ìwé ìtọ́ka, pẹ̀lú orúkọ oògùn ọkàn tó ń lò, kí oníṣègùn ọpọlọ má baà fún un ní ohun tí yóò bá a jà. Èsì ìwé náà kì í sábà padà sọ́dọ̀ wa. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má ṣe da páálí oògùn tuntun nù, kí wọ́n kó o wá lọ́jọ́ ìpàdé tó kàn, kí n lè dà á kọ sí ẹ̀yìn káàdì BP.